Ẹ Ṣeun Àná

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Jákàńdè, oore kì í tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é. Bó o dúpẹ́ títí lónìí, tílẹ̀ bá mọ́, wàá padà lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún, wàá ní, "Ẹ ṣeun àná o." Ẹ̀yin tá a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ìyá Ríska, télọ̀ tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa, ni mo tara wọn gbọ́n. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ìjọ aláṣọ funfun làwa ń lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wọ sùtánà gun igi fúrúùtù, ó ya láti apá dé ìbàdí. Ìyá Ríska pa iṣẹ́ oníbàárà tì, wọ́n rán an fún mi, kí n lè rí i wọ lọ́jọ́ Sunday.

Lọ́jọ́ Sunday ọ̀hún, bọ́ọ̀lù ni mo bá lọ. Màámi bi mí bóyá mo ti lọ dúpẹ́, mo ní mo ti lọ. Irọ́ gbuu! Nírọ̀lẹ́, wọ́n pàdé Ìyá Ríska nídìí ẹ̀rọ omi. Ìyá Ríska ò ráhùn o. Wọ́n kàn ní, "Ṣé sùtánà yẹn ò bá ọmọ yẹn mu ni? Mi ò rí i."

Màámi ò tíì gbé korobá kalẹ̀ tí etí mi fi gbóná.

"Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣé olè ni mo bí ni?"

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ríska, kí n nawọ́ sókè. Ìyá náà ló bá mi bẹ̀bẹ̀, wọ́n tún fi dòdò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ilẹ̀ mọ́, mo tún lọ dúpẹ́ dòdò.

Ajah ni mò ń gbé báyìí, nínú ẹ̀sítéètì olówó gọbọi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò rọ̀, omi kún dé orúnkún. Kẹ̀kẹ́ já ìyá aládùúgbò mi kan sílẹ̀ ní géètì, kò lè wọlé. Mo pọ̀n wọ́n délé. Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí. Ọmọ wọn ọkùnrin ní, "Tẹ́ńkíù, sà," ó ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró síta, mò ń díbọ́n pé mò ń fọ mọ́tò. Ọkùnrin náà wa ọkọ̀ kọjá, gíláàsì ẹ̀ wà lókè, kò wò mí. Ó dùn mí wọra. Kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré!

Mo wọlé, mò ń bú u: aláìlẹ́kọ̀ọ́, aláìmoore! Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́tàlá, gbójú kúrò lára fóònù.

"Dádì, ṣebí wọ́n ti dúpẹ́ lánàá? Kí ló tún kù?"

Mi ò rán ọmọ yìí lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni láàárọ̀ rí.

Màámi bi mí nígbà yẹn bóyá olè làwọn bí. Wọn ò bí olè. Èmi ni mò ń tọ́ ọ̀kan.