Iye Ilé Tí Ọ̀wẹ̀ Kọ́

Ìjì tó jà ní Kambolé lọ́dún tó kọjá ṣí òrùlé ilé mi lọ, ó sì wó ògiri ẹ̀yìn lulẹ̀. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ilé náà, ti ìyá mi ló sì kọ́kọ́ wó. Ọlọ́run ló yọ ọ́, nítorí ó ti jáde lọ ṣe àlùwàlá. Láti ọjọ́ náà ni arúgbó yìí ti ń sùn nínú yàrá tí aládùúgbò wa ń kó àgbàdo sí, láàárín àpò àti eku. Ohun tí mo ń wá kò ju kí n dá a padà sábẹ́ òrùlé tirẹ̀ kí òjò tó tún dé. Mo rò pé kò ní ṣòro, nítorí mo ti ń san owó ìdójútòfò, èyí tí àwa níbí ń pè ní asiráńsì, lórí ilé náà.

Mi ò kàwé kọjá ibi tí ènìyàn ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ kí a tó dáhùn, mo sì bèèrè. Èyí ni ó ń dùn mí títí di òní.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá fi asiráńsì lọ̀ mí jẹ́ ọmọ ìlú wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Sokodé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé mi, ó mú bírò lọ́wọ́.

“Bàbá, èló lẹ fi kọ́ ilé yìí?”

Mo wo ilé náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ló mọ bíríkì rẹ̀. Àwọn àna mi wá láti Koussountou, wọ́n ru yanrìn. Àwọn ìyàwó ilé pọn omi. Ọ̀wẹ̀ ni: ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á pèsè oúnjẹ, àwọn tó wá á sì ṣiṣẹ́ nítorí Ọlọ́run. Ohun tí mo fi owó rà ni sìmẹ́ǹtì, páànù àti igi àjà. Káfíńtà nìkan ni mo sanwó iṣẹ́ fún.

Mo bi í pé, “Ṣé ohun tó ti àpò mi jáde ni, àbí gbogbo ohun tó wọ inú ilé náà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, àbí ẹ fẹ́ kí n máa ka òógùn àwọn ará Koussountou ni? Ohun tó ti àpò yín jáde ni. Bó bá kéré, ohun tí ẹ ó máa san lọ́dọọdún náà á kéré.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe fún mi nítorí Ọlọ́run, báwo ni mo ṣe máa diye lé e, kí n wá gbowó rẹ̀ lọ́la? Ó jọ èrú lójú mi. Kò sí Mùsùlùmí kan ní Kambolé tí kò ní dáhùn bí mo ṣe dáhùn.

Nígbà tí ìjì jà tán, ilé iṣẹ́ asiráńsì náà rán ọkùnrin kan wá. Ó wọn ògiri, ó ya fọ́tò, ó sì bi àwọn bíríkìlà léèrè iye tí wọ́n máa gbà láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí sí Sokodé. Ọ̀gá wọn bá mi sọ̀rọ̀ ní Tem, èdè àwọn ará Sokodé, tí mo gbọ́ dáadáa.

“Iye ilé yín tó ìlọ́po méjì ohun tí ẹ pè é. Ìdajì ni ẹ san asiráńsì lé lórí, nítorí náà ìdajì ohun tó bàjẹ́ ni a máa san.”

“Ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ kò tó iye tí mo pè é yẹn pàápàá!”

“Bàbá, bí ẹ bá ní kí n bá yín ṣọ́ ìdajì oko iṣu, tí olè wọ oko náà, ìdajì ohun tó bá jí ni ọ̀ràn tèmi.”

“Olè náà bi yín pé apá ibo lẹ ń ṣọ́ ni?”

Akọ̀wé obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi ìborí bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn kan máa ń ka owó ilẹ̀ mọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ìjì kì í gbé ilẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn, irú tèmi, a máa ka owó àtijọ́ nìkan. Ohun tó yẹ ní kíkà ni iye tí yóò ná ènìyàn láti gbé ilé náà dìde lónìí: bíríkìlà, ẹni tó ru yanrìn, ẹni tó pọn omi, gbogbo wọn pẹ̀lú owó iṣẹ́ wọn.

Mo ní, “Ọ̀wẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ lọ bẹ ọ̀wẹ̀ ná, Bàbá, ká wò ó.”

Ọ̀rọ̀ yìí gún mi, nítorí mo ti bẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó wá, ọ̀pá ni wọ́n fi tilẹ̀ wá. Wọ́n jẹun, wọ́n ṣàdúà, ìwọ̀nba bíríkì díẹ̀ ni wọ́n sì lè gbé. Àwọn ọmọ wa tó lágbára wà ní Sokodé tí wọ́n ń fi alùpùpù gbé èrò, àwọn mìíràn ti kọjá sí Benin. Bíríkìlà tó kù sílé kò sì gba àdúà ní owó iṣẹ́.

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá náà, mo kọjá sí Komah, àdúgbò kan ní Sokodé, mo dúró níwájú mọ́sálásí tí wọ́n sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ asiráńsì fún mi ti ń kírun. Nígbà tí wọ́n kírun alásárì tán, ó rí mi, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ọmọ mi, bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ pé mo bi ọ́, pé ìwọ lo ní kí n má ka ọ̀wẹ̀.”

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi. Èmi náà ní ẹni tí mò ń bọ́.”

“Ìyá mi ń sùn láàárín eku.”

“Mo ti gbọ́, Bàbá.”

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fẹ́ fún mi lówó. Mo ti ọwọ́ rẹ̀ padà. Sàráà kọ́ ni mo wá gbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo wá tọrọ, kò sì fún mi.

Ọkùnrin kan wà ní Tchamba tó mọ òfin. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá a. Ó ka ìwé tí ọ̀gá Sokodé fún mi pé kí n fọwọ́ sí kí n tó gbowó, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ ó gbowó, ẹjọ́ parí nìyẹn. Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, ẹ lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ iye òjò tí yóò rọ̀ kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀.”

Mo délé, mo sọ fún ìyá mi. Mo fẹ́ kó ní kí n lọ jà. Ikọ́ ń gbé e lórí ẹní, eruku àgbàdo wà nínú irun rẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ jàre ni, àbí o fẹ́ kí n rí ibi sùn?”

“Méjèèjì ni mo fẹ́, Ìyá.”

“Ọmọ mi, méjèèjì ò sí nínú ìwé yẹn.”

Mo padà sí Sokodé, mo fọwọ́ sí i. Akọ̀wé obìnrin náà fi ìka hàn mí ibi tí mo máa kọ orúkọ mi sí. Owó náà ká yàrá ìyá mi àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn méjì yòókù ṣì ń wo ojú ọ̀run, inú ilé ìdáná ni èmi àti ìyàwó mi ń sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òjò àkọ́kọ́ dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń gbọ́ bó ṣe ń lu páànù tuntun lórí ìyá mi, tí ó sì ń ṣàn sínú yàrá tèmi. Mo jàre. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ sí ìwé, kò tún sí ilé ẹjọ́ tí mo ti lè sọ ọ́.