Kọ́lékọ́lé àti Fèrèsé Ìyàwó Rẹ̀

Kọ́lékọ́lé ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kólékólé ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é. Á ní àmì kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ ọ yẹn nìkan ló ya ọkọ òun sọ́tọ̀ lára olè.

Ìyàwó yìí ló ń ya àwòrán ilé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́ làwọn náà ń ṣe é: ayàwòrán á yà á tán pátápátá, onílé á pe àwọn kọ́lékọ́lé kí kálukú dá iye tirẹ̀, ẹni tó bá mú kò sì gbọ́dọ̀ forí ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ohun tó bá rú u lójú, àfi kó bi ayàwòrán. Àwọn tó jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ọkọ á dúró níwájú òṣìṣẹ́, á ní, “Ayàwòrán wa, ṣé bó ṣe rí nìyí?” Ìyàwó á wúkọ́ díẹ̀, ìyẹn ni “bẹ́ẹ̀ ni” tirẹ̀.

Ilé tó yà gbẹ̀yìn bọ́ sọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Wọn ò tíì fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ tí ìyàwó náà fi kú. Ọkọ ò yéé bi í. Ó ń gbọ́ ikọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, kedere. Àwọn òṣìṣẹ́ á wojú ara wọn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ àfìgbà tí wọ́n dé yàrá òkè. Fèrèsé wà lára ògiri nínú ìwé àwòrán kan tí ìyàwó rẹ̀ yà, nínú ìkejì, ògiri lásán ni. Ó bi í bóyá kóun ṣí i. Ó gbọ́ ikọ́. Ó bi í bóyá kóun dí i. Ikọ́ náà ló tún gbọ́. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Onílé ní, “Ọ̀gá, òjò ò ní dúró dè wá. Ẹ ṣe èyí tó bá wù yín.”

Kò fẹ́. Bí òun bá fọwọ́ ara òun fa ilà lé tìyàwó òun, kò tún sẹ́ni téèyàn ń bi mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti dúró. Ó mú pẹ́ńsù, ó fagi lé fèrèsé náà, ó sì mọ ògiri náà dí fúnra rẹ̀. Bíríkìlà kan béèrè ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

“Èmi ni,” ó wí. Kò gbọ́ ikọ́ kankan.

Nígbà tó délé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wí ohun tó máa ń wí lójoojúmọ́, láyé ìyàwó rẹ̀ àti lẹ́yìn ikú rẹ̀: “Kólékólé dé o.”

Inú ilé pa lọ́lọ́. Pẹ́ńsù tó fi fagi lé fèrèsé ìyàwó rẹ̀ ṣì wà létí rẹ̀. Ó wá yé e pé orúkọ òun lóòótọ́ nìyẹn.