Bàbá Tó Lọ Ná Yunifásítì

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Fìdítì nípa ọjọ́ tí Bàbá Sólómọ́nì Àbọ̀dé gbé àpò ọsàn ka ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí, tí àwọn méjèèjì wọ mọ́tò, ó di yunifásítì, tí Bàbá dúró níwájú fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gbowó, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó ilé-ìwé bí ẹni ń ná ewúrẹ́.

Ẹniọlá ni orúkọ ọmọ-ọmọ náà. Kò tíì pẹ́ tó wọ ọdún kejì nígbà tí àwọn aláṣẹ fi owó lé owó. Ohun tó jẹ́ àádọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà lánàá, igba ẹgbẹ̀rún ni lónìí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá. Ẹni tí kò bá rí i san kí ọ̀sẹ̀ méjì ó tó pé, wọn á yọ orúkọ rẹ̀. Adéwálé tó bí Ẹniọlá, tíṣà ni. Owó oṣù rẹ̀ kò tó owó náà, ká má tíì wá sọ ti oúnjẹ. Ọmọbìnrin náà ti sunkún títí ojú rẹ̀ wú, ó sì ti ń béèrè ilé ìyá aránṣọ tí yóò lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá ló ní kó nu ojú nù.

"Ṣé ìwọ ò gbọ́ ohun tí ọ̀gá wọn sọ lórí rédíò ni?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ó ní ayé ti yí padà. Ó ní yunifásítì gbọ́dọ̀ máa ṣe bí oníṣòwò báyìí, pé ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ni oníbàárà. Ó parí. Ọjà ni wọ́n ń tà. Ta ló wá ń san owó àkọ́pè lọ́jà?"

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn fèrèsé ń jẹ́ Mojísọ́lá. Bàbá kí i. Ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ dáadáa lágbègbè wọn. Ìlà àwọn tó wà lẹ́yìn ti gùn dé ìta.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Èló lẹ pe ẹ̀kọ́ yín?"

"Igba ẹgbẹ̀rún, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ yá gágá. "Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n san ọgọ́ta."

"Bàbá, a kì í ná an."

"Mo ti gbọ́. Mo fi márùn-ún lé e."

"Ẹ̀rọ ló ń gba owó, kì í ṣe èmi. Ẹ̀rọ ò sì mọ ẹ̀dínwó."

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ lọ sinmi nígbà náà. Ẹ bá mi pe ẹni tó ni ọjà."

Ìyá kan tó fi jíìpù gbé ọmọ rẹ̀ wá sún mọ́ iwájú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ jẹ́ ká ríbi kọjá." Ó tẹ fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, owó ti wọlé. Kò tilẹ̀ béèrè iye. Àánú obìnrin náà ṣe Bàbá. "Ìyàwó, ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń san owó àkọ́pè yìí lẹ ń ba ọjà jẹ́ mọ́ àwa yòókù lọ́wọ́." Ẹniọlá fi àpò ọsàn bojú.

Nígbà tí Bàbá rí i pé Mojísọ́lá kò dín kọ́bọ̀, ó lo ọgbọ́n àgbà. Ẹni tó bá ti nájà rí mọ ọgbọ́n náà: oníbàárà a pẹ̀yìn dà, a máa lọ díẹ̀díẹ̀, ọlọ́jà a sì ké sí i pé, "Ẹ padà wá, ẹ mówó wá." Bàbá pẹ̀yìn dà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó tún aṣọ ṣe. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì bí agẹmọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò pè é. Ó dé abẹ́ igi, ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó gbọn iyanrìn tí kò sí nínú rẹ̀ dànù. Wọn ò pè é. Ó dé géètì, ó dúró níbẹ̀ ó ń ka mọ́tò tó ń kọjá.

"Bàbá," ni Ẹniọlá wí, "wọn ò ní pè wá o."

Bàbá mi orí. "Wọn ò mọ ọjà í tà. Kí lo tiẹ̀ ní wọ́n ń kọ́ ẹ níbí?"

"Ìmọ̀ ìṣòwò ni, Bàbá."

Bàbá bojú wẹ̀yìn wo ilé ńlá náà láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ó kù díẹ̀ káàtó."

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí tí kò mọ Bàbá yóò rò pé ahun ni. Bàbá kì í ṣe ahun. Ní tirẹ̀, owó àkọ́pè dà bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó kàn san án tó sì kọjá lọ, ó ti bá àgbà pàdé kò kí i. Ọ̀rọ̀ ló ń wá lẹ́nu ènìyàn, kì í ṣe owó lápò wọn.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ Ṣàràfá ọlọ́kadà. Bàbá ń ti Akínmọ̀ọ́rìn bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ṣàràfá dúró tì í. "Bàbá, ẹ gùn ún. Ẹgbẹ̀ta náírà."

"Ọ̀ọ́dúnrún."

"Ha, Bàbá, epo ti wọ́n."

"Òtítọ́ ni. Ìyàwó rẹ tó lóyún ńkọ́?" Bàbá ń rìn lọ, Ṣàràfá ń fi ọ̀kadà rá tẹ̀ lé e. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ epo, wọ́n sọ ti oyún, wọ́n sọ ti ìyá ìyàwó Ṣàràfá tó wá kí wọn fún ọjọ́ mẹ́ta tó sì ti lo oṣù mẹ́ta. Nígbà tí Ṣàràfá fi máa sọ pé, "Ó dáa, Bàbá, ẹ mú irinwó wá, ẹ gùn ún," Bàbá ní, "Kí n gùn ún lọ síbo? Ilé mi rèé."

Lálẹ́ ọjọ́ náà Bàbá gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn lọ fún un nítorí epo tó jó. Owó ọsàn náà ju ẹgbẹ̀ta lọ dáadáa. Síbẹ̀ títí di òní, Ṣàràfá a máa sọ ọ́ ní gáréèjì: "Èrò ló fẹsẹ̀ rìn, ọ̀kadà ló rẹ̀."

Lẹ́yìn tí wọ́n ti yunifásítì dé, pásítọ̀ wá bá Bàbá nílé. Ó ní kò yẹ kí alàgbà ìjọ máa lọ dójú ti ara rẹ̀ lójú fèrèsé. Bàbá gbọ́ ọ títí, ó wá béèrè, "Pásítọ̀, ta ló ná Ọlọ́run nítorí ìlú Sódómù?"

"Ábúráhámù ni, sà."

"Láti iye mélòó?"

"Láti àádọ́ta dé mẹ́wàá."

"Ọlọ́run bínú sí i?"

"Rárá, sà."

"Ṣé bọ́sà, olùtọ́jú owó yunifásítì, wá ju Ọlọ́run lọ ni?" Pásítọ̀ mu omi, ó gba ọsàn méjì, ó lọ ilé rẹ̀.

Ọjọ́ ti ń lọ. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n yọ orúkọ Ẹniọlá. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti ká ìwé rẹ̀ sínú páálí, ó ti fi okùn so ó. Bàbá rí páálí náà, ó lọ sóko ọsàn. Ibẹ̀ ló ti rántí àwọn obìnrin tó máa ń wá láti Ìbàdàn. Ẹni tó bá dá wá ra ọsàn, iye tí Bàbá bá pè ni Bàbá á máa tẹnu mọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá kó ara wọn jọ, tí wọ́n ní gbogbo oko ni àwọn fẹ́ rà tán, tí wọn yóò sì lọ pín in láàárín ara wọn, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Bàbá alára a sì rọ̀.

Ó padà sílé. Ó ní, "Ẹniọlá, a ò mọ̀ ọ́n rà ni. Ìwọ nìkan la lọ rà."

Ó gun ọ̀kadà Ṣàràfá, wọ́n lọ Ìlọrà, wọ́n lọ Jọ́bẹ̀lẹ̀, wọ́n dé Ìmínì àti Akínmọ̀ọ́rìn. Ilé tó bá ti lọ́mọ ní yunifásítì náà, Bàbá wọ̀ ọ́. Ní Ìlọrà, Ọláyínká káfíńtà, tí ọmọ rẹ̀ Tolú ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ láti wọlé, ti fẹ́ ta ẹ̀rọ tó fi ń gé pákó. Bàbá ní, "Má tà á. Ìwọ kàn wọ aṣọ tó mọ́, kí o tẹ̀ lé wa."

Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n, ìyá àti bàbá. Wọ́n dé yunifásítì láàárọ̀, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi níwájú ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá, wọ́n ń bó ọsàn. Wọn ò kọrin, wọn ò gbé páálí tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ẹ̀rù irú èyí a máa ba ìjọba. Sìkìọ́rítì sáré wá. "Ṣé ìwọ́de ni?"

"Rárá o," ni Bàbá wí, ó na ọsàn sí i. "Oníbàárà ni wá."

Nígbà tí oòrùn gun òkè, ọ̀gá kan tó wọ kóòtù jáde. Ó kí wọn dáadáa, ọmọlúàbí ni. Ó ní kò sí wàhálà, ìjọba ti ṣètò owó àyálò fún àwọn ọmọ wọn.

Bàbá ní, "Ta ló pe iye ọjà?"

"Àwa náà ni, sà."

"Ta ló fẹ́ yá wa lówó tí a ó fi rà á?"

"Ìjọba ni."

"Ta ló ni yunifásítì?"

Ọ̀gá náà wúkọ́. "Ìjọba náà ni."

"Ìjàpá nìkan ni mo mọ̀ nínú àlọ́," ni Bàbá wí, "tó máa ń gbówó lé ọjà rẹ̀, tí yóò tún yá ọ lówó rẹ̀ kí o lè jẹ ẹ́ ní gbèsè."

Gbogbo abẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò gbà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọjà."

Bàbá dìde. Ó ṣí fìlà. "Ẹ tún un sọ, kí àwọn ènìyàn mi gbọ́."

"Ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọjà."

"Ẹ ṣeun. Bí kì í bá ṣe ọjà, kí ni iye ọjà ń wá lára rẹ̀? Bó bá sì jẹ́ ọjà, èló ni gbẹ̀yìn?"

Ọ̀gá náà gba ọsàn kan lọ́wọ́ ìyá kan, ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀. Wọn ò dín kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí agbára rẹ̀ ò tó, láti ibikíbi tó bá ti wá, pín in san lẹ́ẹ̀mẹta títí ọdún ìwé yóò fi parí, kí wọ́n má yọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan fẹ́ máa kùn. Bàbá ní kí wọ́n dìde kí wọ́n dúpẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà Ẹniọlá tú okùn páálí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí ti ẹ̀ẹ̀mẹta náà san. Ọmọ mẹ́fà ló jókòó sílé. Bàbá mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọọdún tó bá tẹ̀ lé Ẹniọlá lọ síwájú fèrèsé, á kọ́kọ́ ka orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún Mojísọ́lá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Mojísọ́lá ò dín in rí. Àmọ́ bó bá ti rí fìlà Bàbá lókèèrè, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á gbé àga sún mọ́ fèrèsé.

Ọjọ́ tí Ẹniọlá parí, tó mú èsì wálé, Bàbá gbà á, ó yí i sókè sódò bí ẹni ń wo ọsàn bóyá ó rà.

"Ọdún mélòó ni wọ́n bá wa pè é níbẹ̀rẹ̀?"

"Mẹ́rin, Bàbá."

"Mélòó lo lò?"

"Márùn-ún. Àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti sọ fún ẹ pé wọn á rọ̀. Wọ́n fún wa ní èènì ọdún kan."

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá sùn tí kò jí, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ní àsìkò tí ọsàn pọ̀ jù lọ.

Ọláyínká káfíńtà ló kan pósí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá láti Ìlọrà. Adéwálé béèrè iye rẹ̀. Ọláyínká ní igba ẹgbẹ̀rún ó lé ogójì ẹgbẹ̀rún náírà. Adéwálé kò ná an, ó kó owó jáde.

Ọláyínká wo owó náà, kò gbà á. "Tíṣà, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo fẹ́ san án ni."

"Kí ẹ san án bẹ́ẹ̀? Nínú ilé yìí?" "Mo fi ogójì yẹn lé e kí wọ́n lè rí nǹkan dín ni. Ta ni kó wá dín in?"

Ẹniọlá, tó ti fi àpò ọsàn bojú rí nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí, dìde lórí ẹní. Ó nu ojú. Ó kúnlẹ̀ kí káfíńtà, ó béèrè ilé, ó béèrè iṣẹ́.

"Tolú ńkọ́, sà?"

"Ó wà. Ó ti wọ ọdún kẹrin."

"Ẹ kú àmójútó. Ẹ jẹ́ ká san ọgọ́rùn-ún."

Ọláyínká bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ nínú ilé náà láti ọjọ́ mẹ́ta. "Ọgọ́rùn-ún kẹ̀? Ṣé páálí ni mo kàn ni?"

"Mo fi mẹ́wàá lé e."

Àwọn ará ilé sún mọ́ wọn. Ṣàràfá tò sẹ́yìn Ẹniọlá, ó ń sọ fún un létí pé kó béèrè ìyàwó káfíńtà. Mojísọ́lá, tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ wá síbi òkú, fa àga kan, ó jókòó. Ẹniọlá béèrè ìyàwó, ó béèrè pákó, ó ní ihò ìṣó kan wọ́ díẹ̀. Káfíńtà búra pé kò wọ́. Wọ́n gòkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó ku ẹgbẹ̀rún kan péré láàárín wọn. Níbẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti dákẹ́. Bí ẹnu wọn bá ti kò báyìí, wọn á gbé Bàbá lọ sin nìyẹn.

Ẹniọlá wo pósí náà. Ó wo káfíńtà.

"Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Èló lẹ pè é?"

Ọláyínká fa àga mọ́ra, ó jókòó. "Igba ẹgbẹ̀rún," ló ní, "ó lé ogójì."