Wọn Ò Fi Ṣíbí Han Tíṣà Kí-Nìyí

Tíṣà Kí-Nìyí ti kú. Omi kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló mu. Kí ẹlẹ́nu má tíì bẹ̀rẹ̀ o: ayé ò sú bàbá. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó rí ìgò, ó sì mu ún. Kò mọ ohun tó wà nínú ìgò mọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí ló fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì. Á gbé nǹkan sókè níwájú kíláàsì, ìbáà ṣe ṣíbí tàbí èédú: “Kí nìyí? Kí la ń fi í ṣe?” Bóo bá dáhùn èkíní tóo gbàgbé èkejì, òdo lo gbà. Òdo tèmi tó í sín bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni ìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò lágbárí rẹ̀. Ó fi kóòmù ro tíì. Ológbò tirẹ̀ di “ẹran yẹn”. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá kò sọnù lọ́kàn rẹ̀. “Ìwọ,” ló wí fún mi, “o yá nǹkan mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ń rọ̀, o ò tíì dá a padà.” Agboòrùn ni. Ó ṣì wà nílé mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọbìnrin rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà yọ fọ́ọ̀mù.

“Bàbá, ọjọ́ wo lòní?”

“Ọjọ́rú.”

“Ta ló mú yín wá?”

“Ọmọ mi. Ó sì ti ń kanra látàárọ̀.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Orí bàbá yín pé ju tèmi lọ.”

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣíbí hàn wọ́n.”

“Ṣíbí ò sí nínú fọ́ọ̀mù wa, mà.”

Wọ́n kọ “ara ogbó ni” lẹ́ẹ̀mẹta. Irú ogbó wo ló mọ Ọjọ́rú tí kò mọ kóòmù? Ṣé ṣíbí wọ́n nílé ìwòsàn ni? Ọjọ́ tí bàbá mu omi yẹn, bẹ́ǹṣì wọn lọmọ rẹ̀ jókòó sí, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, inú sì ń bí mi.

Ilé ìwòsàn ti fi ìwé ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́, wọ́n ní àdánù ńlá ni. A ò fẹ́. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù yẹn ni kó jáde, kó gbé e sókè níwájú gbogbo wa, kó sì dáhùn bí àwa náà ṣe dáhùn.

Kí nìyí? Kí lẹ ń fi í ṣe?