Ta Ló Fọwọ́ Kan Sàlẹ́ńsà Tahiru?

“Ìwọ lo tú u! Ta ló tún kù? Ìwọ náà ni!”

Bí Hámzàt ṣe la “ìwọ” mọ́ Akínlẹ́yẹ lórí báyìí, gbogbo ẹ̀bá títì Kalpohin ní Tamale yíjú síbẹ̀. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù ú lọ! Ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀! Ìyá oníkókó tó ń bu ògì gbé ṣíbí dúró sókè.

“Hámzàt, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ṣé Akínlẹ́yẹ méjì ló wà níbí ni?”

Ẹ wò ó, orúkọ rere ni Hámzàt fi ń jẹun. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Tamale, kò ní ilẹ̀, kò ní ṣọ́ọ̀bù gidi, àfi páànù mẹ́rin tó fi bo orí. Máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù tuntun, á dé, á máa dún fẹ̀ẹ̀ bí ẹni tó ń tijú láti wúkọ́. Hámzàt á gé sàlẹ́ńsà rẹ̀, ibi tí èéfín ń gbà jáde, lẹ́yìn, á yọ irin oníhò inú rẹ̀, á ti páìpù gbọọrọ bọ̀ ọ́, á wá ṣí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ife tíì. Á tún kábúrétọ̀ ṣe. Ó di gbùùù! Àwọn èèyàn ò tíì rí máṣíìnì ọ̀hún tí wọ́n á ti sọ pé, “Iṣẹ́ Hámzàt ló ń bọ̀ yẹn.”

Láàárọ̀ yẹn ni Tahiru, tíṣà ará Vittin, ti tirẹ̀ dé. Kò fà mọ́, ó kàn ń húkọ́ bí ewúrẹ́ arúgbó.

“Hámzàt ti ba máṣíìnì mi jẹ́!” Ó ń pariwo. Kọ́sítọ́mà mẹ́ta ló jókòó tó ń gbọ́. Ọ̀kan ti ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

“Málàámù, ibo lẹ gbé e sí?”

“Haba! Ilé tí mò ń kọ́ ní Gumani. Mo lo oṣù kan ní Kumasi.”

“Ta ló wà níbẹ̀?”

“Kò sẹ́nìkan. Àfi Akínlẹ́yẹ tó ń ṣe irin fèrèsé.”

Háà! Ó ti yé Hámzàt. Ṣebí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Akínlẹ́yẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, tó ń wo bó ṣe ń tẹ páìpù, tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá? Ṣebí ó ra páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà tó fi ti ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀? Ẹni tó ń ṣe géètì, kí ló fẹ́ fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe? Ibi tó ti la “ìwọ” mọ́ ọn lórí nìyẹn.

“Tú u níṣojú gbogbo èèyàn,” Akínlẹ́yẹ ní. “Tó o bá rí ojú iná mi, ibi tí mo jó, níbẹ̀, màá kó ẹrù mi kúrò ládùúgbò yìí.”

“Tí mi ò bá rí i, màá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ gbalaja, nínú erùpẹ̀ yìí. Wàláhì!”

Hámzàt gbé sàlẹ́ńsà náà sókè, ó wò ó. Ojú iná tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe máa ń jó o. Àmọ́ ẹnu ti sọ ọ́. Ó gé e, ó gbá a mọ́lẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ pupa gbígbẹ já bọ́, ó ní ihò kéékèèké, òkú aláǹtakùn sì kún inú rẹ̀. Ilé agbọ́n! Èyí tó máa ń fi ẹrọ̀fọ̀ kọ́lé sára ògiri.

Ìyá oníkókó ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹnu fẹ̀, inú ṣófo,” Akínlẹ́yẹ ní. “Ta ló kọ́ yàrá fún agbọ́n?”

Hámzàt nu inú sàlẹ́ńsà náà, ó jó o padà, ó fi àwọ̀n irin wẹ́rẹ́ dí ẹnu rẹ̀. Gbùùù! Tahiru gbé ọwọ́ sókè, ó lọ. Kọ́sítọ́mà kankan ò lọ. Akínlẹ́yẹ ní tirẹ̀ bọ́ awò ojú, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n parí ti ẹni yìí ná.”

“Mi ò kánjú.”

Láti Jímọ̀ méjì sẹ́yìn nìyẹn. Hámzàt ń kí i láràárọ̀, “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́.” Èsì kan náà ni: “Erùpẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ o.” Hámzàt á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á wo erùpẹ̀ ọ̀hún, á sì yọjú wo ògiri Akínlẹ́yẹ.

Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà ti ku márùn-ún, ẹkẹfà ò sì sí lára géètì kankan.