Ẹ̀rọ Ẹ̀pẹ́ Tí Kò Dáhùn

N kò rántí dáadáa bóyá ọ̀gá mi ló ní kí a yí ọ̀rọ̀ aṣínà (password) àwọn ẹ̀rọ wa padà, tàbí èmi. Ohun tó dá mi lójú ni ìbéèrè rẹ̀ láràárọ̀ ní ọ́fíìsì wa n'Ìkòròdú: "Ṣé àwọn ọmọ mi ti jí?"

Àwọn ẹ̀rọ kékeré tí a rì sínú adágún àwọn tó ń sin ẹja ló ń pè ní ọmọ. Wọ́n ń wọn bí omi ṣe gbóná tó, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ tààrà sí dátábéèsì wa, ibi tí a ń kó àkọsílẹ̀ sí, lókè òkun. Ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ló wà nínú gbogbo wọn.

Nígbà tí wọ́n jí ọ̀kan gbé l'Agbówà, a rí i pé ẹni tó bá tú u lè rí ọ̀rọ̀ náà, kó sì fi pa gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ́. A yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Lójú ẹsẹ̀, àwọn ẹ̀rọ yòókù, tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣì wà nínú wọn, dákẹ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń mú, omi gbígbóná sì lè pa ẹja. Ọ̀gá mi wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Benson láti lọ tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo pè é. "Ẹ̀gbọ́n, ti Ẹ̀pẹ́ nìkan ló kù."

"Alágídí ọmọ nìyẹn! Mo ti ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀."

Ẹ̀rọ náà kò dáhùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ọ̀gá mi ti gbalé lọ.

Ìyá tó ni adágún Ẹ̀pẹ́ ló fi yé mi lẹ́yìn náà pé ọ̀gá mi kò ráyè fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Ẹja ti ń gbé ẹnu sókè wá afẹ́fẹ́ nígbà tó dé; ó bọ́ sínú omi tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó ń bá òun fi korobá da omi kànga tútù sí i títí ara fi tu àwọn ẹja náà.