Uncle Bámgbóyè àti Alápá-Òsì Gwinnett

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Uncle Bámgbóyè. Wọ́n ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, irun iwájú orí wọn ti ṣí lọ sí ìpàkọ́, síbẹ̀ ẹni tó bá pè wọ́n ní Daddy ti wá ìjà. Uncle ni kí gbogbo ayé máa pè wọ́n. Èmi máa ń dọ́gbọ́n pè wọ́n ní Bàbá Àgbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n lè rí bí wọ́n ṣe máa ń ranjú mọ́ mi, kí wọ́n tó tún bu ẹran kún oúnjẹ mi.

Lẹ́yìn Ọlọ́run àti Aunty Evelyn, ìyàwó wọn, ohun méjì ni Uncle fẹ́ràn jù: iṣẹ́ ògbufọ̀ tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Norcross, àti béèsìbọ́ọ̀lù. Aunty ní kò dá òun lójú pé òun ló ṣíwájú nínú ìtò yẹn.

Inú rédíò kan náà ni méjèèjì ti jáde. Tíṣà ni Uncle ní Ìwó kí wọ́n tó dé ìlú yìí lọ́dún 2006. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni ti ilé ìkẹ́rùsí kan, wọ́n ń to páálí. Wọ́n mọ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Georgia ń fẹ́ kọjá létí wọn bí afẹ́fẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Clara ni wọ́n jọ ń to páálí. Clara ní rédíò kékeré kan, béèsìbọ́ọ̀lù ló sì máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán ìgbà ooru. Uncle ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú eré náà, àmọ́ ọkùnrin tó ń ròyìn rẹ̀ kì í kánjú. Á sọ gbólóhùn kan, á sinmi, á sọ òmíràn. Nínú ìsinmi yẹn ni Uncle ti ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lọ́kàn ara wọn. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí pásítọ̀ wá ń wá ẹni tí yóò máa tú ìwàásù Yorùbá fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, ta ló tún kù? Wọ́n gba máíkì lọ́dún 2008, wọn ò sì gbé e sílẹ̀ mọ́.

Máíkì yẹn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́dún yìí. Bí ìwàásù bá ti dé ìdajì, ohùn Uncle á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Pásítọ̀ wá fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí Praise máa gba ìdajì kejì. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Praise, ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ Uncle Oyèníran sì ni, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Uncle. Uncle fèsì pé àwọn máa fi í sínú àdúrà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá ní òun máa fi nǹkan sínú àdúrà ti sọ pé rárá. Pásítọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á fẹ́ gbọ́ èsì àdúrà náà ní Sunday.

Ní Saturday tó ṣáájú rẹ̀, èmi àti àwọn Uncle méjèèjì lọ wo béèsìbọ́ọ̀lù ní Gwinnett. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ńlá Atlanta ń kó àwọn ọmọ tí kò tíì gbó sí, kí wọ́n tó pè wọ́n gòkè. Èmi ni mo wa mọ́tò, torí pé tí Uncle bá ń wakọ̀ ní I-85, wọ́n máa ń bá àwọn awakọ̀ yòókù wí bí ẹni tí wọ́n ń gbọ́.

Ọmọ gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù ló gbé wa débẹ̀. Uncle kì í lo orúkọ tí ìyá àwọn ọmọ yìí sọ wọ́n. Alápá-Òsì ni wọ́n ń pe eléyìí. Pátákó ńlá kan ń kọ bí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ṣe yára tó, iye máìlì ní wákàtí kan.

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún!” Uncle fò dìde. “Kí ni wọ́n tún ń fi ọmọ yìí ṣe ní Gwinnett? Ẹ pè é gòkè lónìí!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀,” Uncle Oyèníran sọ. “Irú bọ́ọ̀lù méjì péré ló mọ̀ ọ́n jù, èyí tó ń sáré àti èyí tó ń já wálẹ̀ lójijì. Ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ eré ní Atlanta, tó máa jù ú títí, ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀kẹta. Bullpen ni kí wọ́n fi í sí.”

Bullpen ni ibi tí àwọn tó ń dúró láti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni tó ti rẹ̀ máa ń jókòó sí.

“O fẹ́ fi irú apá yìí jókòó? Àwọn àgbàlagbà mẹ́ta ló ń bẹ̀rẹ̀ eré fún Atlanta, àdéhùn wọn á sì parí lọ́dún yìí. Ta ló máa jù ú fún wa lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ?”

“Onírùngbọ̀n ńkọ́, Uncle?” Òmíràn tó ń ju bọ́ọ̀lù ní Gwinnett ni. Mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn ni mo ṣe dá a.

“Onírùngbọ̀n! Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ ń lọ, àti ẹni tó bá bà.”

Uncle Oyèníran rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò jáwọ́. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tún apá àti ẹsẹ̀ kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, ìgbọ̀nwọ́ sì ni oúnjẹ òòjọ́ wọn. “Ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé kì í ṣe rọ́bà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kán an lójú lónìí, ẹ wá a tì lọ́dún méjì.”

“Máa tọ́jú ẹ̀ lọ, kó dàgbà síbí,” Uncle dáhùn. “ Ọmọ tí o ò bá jẹ́ kó jù, níbo ló ti máa mọ̀ ọ́n jù?”

Nígbà tó di abala karùn-ún, apá Alápá-Òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Pátákó kọ mọ́kànléláàdọ́rùn-ún. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù méjì léra lórí mọ́ ọn lọ́wọ́. Kóòṣì jáde wá gbà á, ṣùgbọ́n ọmọ náà ki bọ́ọ̀lù bọ inú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń mi orí. Uncle tún dìde. Kíá ni mo tan fóònù mi, mo gba ohùn wọn sílẹ̀.

“Gbé e fún un, ọmọ yìí! Kì í ṣe ìtìjú! Ẹni tó bá ti rẹ̀, tó tún di bọ́ọ̀lù mú, gbogbo ilé ló ń dá lóró!”

Wọ́n jókòó. Uncle Oyèníran húkọ́.

“Kí ló dé?” Uncle bi wọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ nǹkan kan o.”

Ìgbà tí a ń padà bọ̀ ni mo so fóònù mọ́ ẹ̀rọ inú mọ́tò, tí ohùn Uncle sì gba inú rẹ̀ kan: “Kì í ṣe ìtìjú! Ẹni tó bá ti rẹ̀…” Uncle na ọwọ́ pa á. Nígbà tí a dé Suwanee, mo tún tàn án.

“Orí ẹ ò pé,” Uncle sọ. “Mo máa sọ fún ìyá ẹ.”

Ẹ̀rín pa Uncle Oyèníran débi pé wọ́n ní láti bọ́ gíláàsì ojú wọn nu.

“Ọ̀tọ̀ ni béèsìbọ́ọ̀lù, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run,” Uncle ń bá a lọ. “Praise ò tíì tó. Ohùn ẹ̀ kéré, Yorùbá ẹ̀ sì ń mì.”

“Ọmọ mi ni, mi ò lè gbèjà ẹ̀,” Uncle Oyèníran dáhùn. “Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, níbo ló ti máa tó?”

Uncle kọ ojú sí fèrèsé. Kò jọ pé àwa ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. “Tí mo bá gbé máíkì yẹn sílẹ̀, kí ni mo wá ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì?”

Mo pa fóònù. Eré mi ò dé ibẹ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ Sunday, Uncle gun pẹpẹ pẹ̀lú máíkì bí ìṣe wọn. Sùúrù ni pásítọ̀ wàásù lé lórí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí: tí pásítọ̀ bá ń sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni Uncle ń sọ. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ wa kì í dúró sójú kan. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á fò sínú Gẹ̀ẹ́sì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Uncle á sì fò sínú Yorùbá lójú ẹsẹ̀ nítorí àwọn ìyá àgbà. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún, wọn ò fò ó kùnà rí.

Lọ́jọ́ yẹn, ìdajì ìwàásù ti kọjá, ohùn Uncle ti há. Pásítọ̀ fò.

“You must wait,” ni pásítọ̀ wí.

“You must wait,” ni Uncle wí.

“Joseph waited in prison.”

“Joseph waited in the prison.” Wọ́n tiẹ̀ tún un ṣe.

Gbólóhùn mẹ́rin ni wọ́n fi ń bá Gẹ̀ẹ́sì lọ báyìí. Mo ki áńkáṣíìfù bọ ẹnu. Aunty Evelyn tẹjú mọ́ ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín síta. Bí Uncle bá fẹ́, wọn ì bá kàn bọ́ sí Yorùbá padà, kò sì sí ẹni tó máa mẹ́nu kàn án láéláé. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró. Wọ́n wo máíkì ọwọ́ wọn, ni ẹ̀rín wọn fúnra wọn bá bọ́.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá,” ni wọ́n sọ sínú rẹ̀. “Praise, máa bọ̀.”

Praise ń mi orí láti orí ìjókòó kejì. Bàbá rẹ̀ ò wò ó, àjà ni wọ́n ń wò. Uncle sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rìn lọ bá a, wọ́n fi máíkì sí i lọ́wọ́. Mo jókòó nítòsí, mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ sí i létí: “Má sáré. Jẹ́ kí wọ́n parí kí o tó bẹ̀rẹ̀.”

Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ò dé ìjókòó kẹta. Ìyá kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “A ò gbọ́ o!” Praise gbé ohùn sókè. Nígbà tí pásítọ̀ padà sí Yorùbá, tó sì tún fò sínú Gẹ̀ẹ́sì, òun náà fò. Yorùbá rẹ̀ mì lóòótọ́, àwọn ìyá ń bá a tún un ṣe láti orí ìjókòó wọn, ó ń gbà á, ó ń bá a lọ.

Uncle jókòó ti Aunty Evelyn. Mo ń ṣọ́ wọn. Ẹnu wọn ń jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n ń tú gbogbo gbólóhùn ṣáájú ọmọ náà. Nígbà tó yá, ẹnu náà dúró. Wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n ń gbọ́ ìwàásù.

A jáde sí ibi tí a gbé mọ́tò sí. Uncle Oyèníran ń ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n ń yọ ọ́. Uncle ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

“Ẹ wò ó, pásítọ̀ yìí mà mọ ìwàásù í ṣe! Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń tú u, mi ò ráyè gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.”